Kìnnìún: Ibùgbé Rẹ̀ àti Iṣẹ́ Rẹ̀ Láàárín Àwọn Ẹranko

Ní oṣù June ọdún 2019, àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Task Force, àwọn tí ọ́fíìsì wọn wà ní Bọ́ládé ní Òṣòdì, gbéra lọ sí ilé kan ní Victoria Island. Kì í ṣe àwọn ọlọ́jà etí títì ni wọ́n ń lé lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọlọ́kadà. Kìnnìún ni wọ́n wá mú. Kìnnìún tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n bá nínú ọgbà ilé náà, ní àdúgbò tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké wà. Wọ́n fi oògùn kun ún lóorun, wọ́n sì gbé e lọ sí ọgbà ẹranko ní ìhà Lẹ́kí.

Ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀rín fún àwọn kan, ó sì di ẹ̀rù fún àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e wá sórí ètò wa, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìsọlọ̀ dìde, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ni kìnnìún wúlò fún gan-an? Ó ń pa màlúù, ó lè pa ènìyàn, a kì í jẹ ẹran rẹ̀. Bí gbogbo wọn bá kú tán lónìí, kí ni yóò yí padà ní Ìsọlọ̀?” Àwọn kan nínú àwùjọ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìbéèrè tí ó yẹ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ béèrè ni, ó sì ṣòro ju bí àwa àgbà ti rò lọ. Ohun tí ó wà nínú ìwé yìí ni ìdáhùn tí mo fún un, pẹ̀lú àwọn ohun tí àkókò kò jẹ́ kí n sọ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú àṣìṣe kan kúrò nílẹ̀. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé kìnnìún ni ọba inú igbó. Kìnnìún kì í gbé inú igbó. Nínú èdè Yorùbá, igbó kì í ṣe ọ̀dàn, àwọn ọdẹ wa kò sì jẹ́ ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Igbó ni ibi tí igi ti ga, tí ewé wọn pàdé lókè tí oòrùn kò fi rí ilẹ̀. Ọ̀dàn ni ibi tí koríko ti gbilẹ̀, tí igi dúró káàkiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dàn ni ilé kìnnìún.

Ojú irin àtijọ́ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé Òṣòdì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin yìí láti Èkó ní ọdún 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin náà ní Òṣòdì, tí ó gba Agége, Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta kọjá, ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí púpọ̀ ló ń là kọjá, ilẹ̀ igbó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àti oko ti gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá Òṣogbo, tí ó ń sún mọ́ Ọ̀fà àti Ìlọrin, yóò rí i pé àwọn igi ń kúrú, wọ́n ń jìnnà síra wọn, koríko sì ń ga lábẹ́ wọn. Nígbà tí yóò bá fi dé Jẹ́bà létí Odò Ọya, ọ̀dàn pọ́ńbélé ni ó yí i ká. Ilẹ̀ Tápà nìyẹn, ilẹ̀ ìran Oṣòdì Tápà, akọni ìgbà Ọba Kòsọ́kọ́, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe Òṣòdì wa yìí.

Kí ló fà á tí kìnnìún kò fi lè gbé inú igbó? Oúnjẹ ni. Níbi tí oòrùn kò bá ti dé ilẹ̀, koríko kì í hù dáadáa. Níbi tí koríko kò bá sí, ẹfọ̀n àti egbin kò lè kó ara wọn jọ ní agbo ńlá. Kìnnìún sì jẹ́ ẹranko tí ó tóbi, akọ rẹ̀ ń wọ̀n ju 150 kílò lọ; ó ń gbé ní agbo, ó sì ń ṣọdẹ ní agbo. Bí a bá pín oúnjẹ rẹ̀ sí ojoojúmọ́, àgbà kìnnìún kan nílò ẹran tí ó tó kílò 5 sí 7, èyí tí ó lé ní 1,800 kílò lọ́dún. Ẹtu kan ṣoṣo tí ń sá kiri nínú igbó kò lè bọ́ agbo kìnnìún. Ẹkùn ni ó yẹ igbó. Ẹkùn ń dá rìn, ó ń gun igi, ẹtu kan tàbí ọ̀bọ kan sì tó o jẹ. Nítorí náà, nígbà tí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ṣì jẹ́ igbó àti irà, ẹkùn àti ọ̀nì ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ, kì í ṣe kìnnìún.

Níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan tọrọ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ń túmọ̀ ẹkùn sí ẹran onílà dúdú gbọọrọ ti ilẹ̀ Íńdíà. Ẹran yẹn kò gbé inú igbó Áfíríkà rí. Ẹkùn tiwa jẹ́ alámì tótòtó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìkookò, èyí tí a fi ń pe ẹranko kan nínú Bíbélì, tí a sì tún fi ń pe ẹranko mìíràn tí ń fọ́ eegun ní ọ̀dàn wa. Ní oṣù January 2020, àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù fi orúkọ Àmọ̀tẹ́kùn pe ẹgbẹ́ aláàbò wọn, láti ìgbà náà kò sì sí ọmọdé tí kò mọ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ó lè sọ ohun tí ẹran náà ń jẹ?

Ó tó àkókò kí a padà sí ìbéèrè ọmọ Ìsọlọ̀ wa. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ní ọ̀dàn ń jẹun lára ẹlòmíràn. Koríko ń gba agbára láti inú oòrùn. Ẹfọ̀n, egbin àti ìmàdò ń jẹ koríko. Kìnnìún ń jẹ àwọn náà, kò sì sí ẹranko tí ń pa àgbà kìnnìún jẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí ni pé bí oúnjẹ ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ èkejì, ó ń dín kù gidigidi. Nínú koríko tí ẹfọ̀n jẹ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ ni ó ń di ẹran ara. Ìyókù ti bá ìrìn, èémí, ooru ara àti ìgbẹ́ lọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn náà ni ó ń di ara kìnnìún. Ìdí nìyí tí koríko fi pọ̀ bí iyanrìn, tí egbin fi pọ̀ níwọ̀nba, tí kìnnìún sì ṣọ̀wọ́n. Bí wọ́n bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ebi ni yóò pa wọ́n.

Ẹ tún wo ohun mìíràn tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa kìnnìún run kò nílò láti yìnbọn sí kìnnìún kankan. Kí ó ṣáà ti máa pa egbin àti ìmàdò fún àwọn tí ń ta ẹran ìgbẹ́, kìnnìún yóò tán fúnra rẹ̀. Ọ̀nà yìí gan-an sì ni ó gbà ń tán ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹran ìgbẹ́ tí a ń jẹ nínú ọbẹ̀ ní Èkó kò ṣàìní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ kìnnìún? Àwọn olùkọ́ kan máa ń sọ pé ó ń pa àwọn aláìlera kí àìsàn má bàa ràn. Òótọ́ wà nínú èyí, nítorí pé ẹran tí kò lè sáré ni ọwọ́ ń tètè bà, ṣùgbọ́n kìnnìún máa ń pa èyí tí ara rẹ̀ dá pẹ̀lú. Ẹran tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí ó jẹun tán ni ìkookò àti igún ń bá jẹ. Iṣẹ́ tí ó tóbi jù kò sí ní ẹnu rẹ̀ rárá. Inú ẹ̀rù tí ó ń dá ba àwọn ẹlòmíràn ni ó wà. Agbo egbin tí ó mọ̀ pé kìnnìún wà nítòsí kò ní dúró sí etí odò kan títí tí yóò fi jẹ koríko ibẹ̀ kan ilẹ̀. Yóò mu omi, yóò sì lọ. Àwọn ẹranko mìíràn tí kò tó kìnnìún, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè ba nǹkan jẹ́, yóò mọ ìwọ̀n ara wọn.

Ghana ni ẹ̀rí èyí ti hàn jù ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín. Láti ọdún 1968 ni àwọn aṣọ́gbó ìjọba ibẹ̀ ti ń rìn nínú igbó ọba mẹ́fà ní ọ̀dàn, tí wọ́n ń ka ẹranko, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí kò ní ariwo ni, mo sì gbóríyìn fún àwọn tí ó ṣe é. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kó àkọsílẹ̀ náà jọ títí di ọdún 2004, wọ́n rí i pé kìnnìún àti ẹkùn ti tán ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn igbó náà. Ọ̀pọ̀ ẹranko mìíràn sì ti dín kù pẹ̀lú wọn. Ẹranko kan kò dín kù. Ọ̀bọ ńlá tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ajá, tí ń rìn ní agbo lórí ilẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní ìnàkí, òun ni ó pọ̀ sí i ní ìlọ́po-ìlọ́po. Kìnnìún àti ẹkùn ni ó ń pa á tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, ó gba ìjọba.

Agbo ìnàkí kò dúró nínú igbó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ oko àgbàdo. Ọgbọ́n wọn pọ̀, ère aṣọ́komásùn kò sì lè dẹ́rù bà wọ́n ju ọjọ́ kan lọ. Ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ ṣọ́ oko náà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ta ni ilé àgbẹ̀ lè yọ̀ǹda fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ ni. Àwọn ẹbí kan wà tí ọmọ wọn kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní àkókò irè oko nítorí pé ó ń lé ọ̀bọ. Nígbà tí mo sọ èyí lórí ètò, yàrá náà dákẹ́, nítorí pé àwọn olùkọ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì mọ ohun tí àga òfìfo nínú kíláàsì túmọ̀ sí. Kò sí ẹni tí ó lè ronú pé ikú kìnnìún lè yọ orúkọ ọmọ kúrò nínú ìwé ìpè.

Mi ò fẹ́ kí ẹ gba èyí bí àlọ́ tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ti yanjú. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pa ìkookò ilẹ̀ wọn tán ní ọgbà Yellowstone ní nǹkan bí ọdún 1926, wọ́n sì dá wọn padà ní ọdún 1995. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí bí ó ti pọ̀ tó nínú ìyípadà igi àti odò ibẹ̀ tí a lè kà sí iṣẹ́ ìkookò, àti bí ó ti pọ̀ tó tí ó jẹ́ ti òjò àti àwọn ẹranko mìíràn. Ní Ghana pẹ̀lú, ọdẹ àti oko tí ń fẹ̀ sí i kó ipa tiwọn. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹ̀rí ti ìnàkí yìí lágbára.

Níbo ni kìnnìún tiwa wà nísinsìnyí? Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí tí Philipp Henschel ṣáájú wọn tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n wo àwọn ibi ìpamọ́ ẹranko ní orílẹ̀-èdè 11 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ibi mẹ́rin péré ni wọ́n ti rí kìnnìún: ọ̀kan ní Senegal; ọ̀kan tí ó tóbi jù ní ibi tí ilẹ̀ Benin, Burkina Faso àti Niger ti pàdé; méjì sì wà ní Nàìjíríà, èyíinì ni Kainji àti Yankari. Àpapọ̀ gbogbo wọn kò ju nǹkan bí 400 lọ, àwọn tí ó ti dàgbà tó láti bímọ kò sì tó 250. Ti Nàìjíríà kò tó 50.

Yankari wà ní Ìpínlẹ̀ Bauchi, ó fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà níbùú lóròó. Kainji ni ó sún mọ́ wa jù. Igbó ọba Borgu àti ti Zugurma ni ìjọba àpapọ̀ pa pọ̀ ní ọdún 1979 tí wọ́n di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,340 kìlómítà níbùú lóròó. Apá kan rẹ̀ wà ní Ìpínlẹ̀ Niger, apá kan ní Kwara, ní ìhà Kaiama. Odò Oli ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn omi kéékèèké bá gbẹ, ìyókù omi tí ó wà lójú Odò Oli ni ẹfọ̀n, egbin àti ìmàdò ń wá mu, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ẹni tí ń wá kìnnìún máa ṣọ́. Akọ kìnnìún ibẹ̀ kì í sábà ní irun ọrùn púpọ̀ bí èyí tí ẹ ń rí nínú àwòrán ìlà-oòrùn Áfíríkà. Irun tiwọn kúrú, ó sì fọ́nká.

Àwọn ohun tí ń bá a jà pọ̀. Mo ti sọ ti ẹran ìgbẹ́. Àwọn darandaran ń wọ inú ọgbà náà nítorí koríko, màlúù sì rọrùn láti pa ju ẹfọ̀n lọ. Nígbà tí kìnnìún bá pa màlúù, olówó rẹ̀ lè fi oró sínú òkú ẹran náà. Kìnnìún tí ó padà wá jẹ ẹ́ yóò kú, igún tí ó bà lé e yóò kú pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn agbébọn ti sọ apá kan igbó Kainji di ibùba, ìyẹn sì mú kí iṣẹ́ àwọn aṣọ́gbó di iṣẹ́ ikú. Ní Benin, ní oṣù February 2022, àwọn agbébọn pa àwọn aṣọ́gbó ní ọgbà W.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dùn mí nínú àwọn ìwé tí ń gbèjà ẹranko. Wọ́n máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé ẹni tí ó pa kìnnìún jẹ́ òpè tàbí ìkà. Ẹ wò ó bí ó ti rí. Èmi tí mo wà ní Òṣòdì, tí mo ń fẹ́ kí kìnnìún máa gbé, kò sí òru kan tí kìnnìún yóò já oorun mi. Darandaran tí ó wà ní etí ọgbà Kainji, ó lè jí ní òwúrọ̀ kí ó bá owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, tí ó ti di eegun. Ó ń san owó ohun tí èmi ń gbádùn. Bí orílẹ̀-èdè bá ní kìnnìún jẹ́ ohun ìní gbogbo wa, ẹ̀tọ́ ni kí gbogbo wa jọ san owó màlúù tí ó pa. Èyí ṣòro láti ṣe láìsí èrú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣe é, oró ni yóò máa ṣe ìdájọ́.

Ọmọ Ìsọlọ̀ wa kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní, “Sà, ẹ kò tíì dé Ìsọlọ̀.” Òótọ́ ni. Ikú kìnnìún Kainji kò ní mú kí omi ẹ̀rọ dẹ́kun ní Ìsọlọ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ó wà láàárín kìnnìún àti ìnàkí wà láàárín àwọn tí ó kù sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gbójú sókè ní Òṣòdì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí àwòdì tí ń yí po lókè ọjà. Ní òru, òwìwí ń jáde, eku sì ni oúnjẹ rẹ̀. Àwa náà ni à ń sọ òwìwí lókò nítorí pé a ní ẹyẹ àjẹ́ ni. A ń pa gbogbo ejò láìwo èwo ni ó ní oró. A ó wá lọ ra oògùn eku ní ọjà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà iye àpò tí eku ń jẹ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́dún.

Ìbéèrè ìkẹyìn wá láti ọ̀dọ̀ olùkọ́bìnrin kan. Ó ní, ṣé a kò lè kó kìnnìún bí èyí tí Task Force mú yìí lọ sí Kainji kí wọ́n di púpọ̀? Ó yẹ kí ó rọrùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Kìnnìún tí ènìyàn fi ọwọ́ bọ́ láti kékeré kò kọ́ ọdẹ lẹ́nu ìyá rẹ̀; bí ebi bá pa á, ọ̀dọ̀ ènìyàn ni yóò wá oúnjẹ lọ, kò sì ní bẹ̀rù. Lẹ́yìn èyí, ìran kìnnìún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò rí i pé wọ́n sún mọ́ ìwọ̀nba kìnnìún tí ó kù ní igbó Gir ní Íńdíà ju àwọn ti gúúsù Áfíríkà lọ, inú irú ti gúúsù yìí sì ni ọ̀pọ̀ kìnnìún ọgbà ẹranko ti ń wá. Bí a bá sì rí èyí tí ìran rẹ̀ bá ti Kainji mu, tí ó sì mọ ọdẹ, yóò ṣì nílò egbin àti ẹfọ̀n tí yóò pa jẹ. Àwọn wọ̀nyẹn ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá padà sí etí Odò Oli. Kìnnìún tí ó wà níbẹ̀ yóò bí ìyókù fúnra rẹ̀. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 110 lọ, ó sì máa ń bí ọmọ méjì sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan.